Ọwọ́ Tí Àpótí Mọ̀

"Ẹ kú ìdárò," ni àpótí oògùn wí. "Mosúnmọ́lá Àlàó ṣaláìsí ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún tó kọjá. A kì í fún òkú ní oògùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọwọ́ ẹlòmíràn síbí."

Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí kò gbé ọwọ́ ẹlòmíràn síbẹ̀. Ọwọ́ Mosúnmọ́lá náà ló tún fà, ó fi etí aṣọ nù ún gbẹ, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ sójú gíláàsì. Ọwọ́ náà ti ń tutù, ṣùgbọ́n ọwọ́ alààyè ni. Ìbíwùmí ń gbọ́ bí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré kíkankíkan ní ọrùn ọwọ́ náà. Iná àwọ̀ ewé kọjá lábẹ́ ìka márààrún, ó dúró bí ẹni tó ń ronú, ó sì pọ́n.

"Ẹ kú ìdárò," ni àpótí tún bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló kú, Nọ́ọ̀sì?" Ìyá Mosúnmọ́lá ló béèrè. Ó dúró ní apá kejì ibùsùn, ó gbé ọmọ tuntun náà mọ́ ọmú ọmọ rẹ̀ nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò lágbára láti gbé e mọ́ra fúnra rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Ẹ̀rọ ló ṣì í."

"Ẹ wí fún un pé ó ṣì í."

"Mo ti wí fún un."

Kò tíì ju ìdajì wákàtí lọ tí Mosúnmọ́lá bímọ. Ìbí náà kò le. Ọmọ ké kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jáde tán, ibi ọmọ tẹ̀lé e, Ìbíwùmí yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó pé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò sì dá. Kò tú yàà. Ó kàn ń wá díẹ̀díẹ̀, láìkánjú, bí ẹni tó mọ̀ pé òun yóò débi tí òun ń lọ, títí aṣọ ìtẹ́lẹ̀ kẹta fi rin gbingbin. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìbíwùmí ti ń gbẹ̀bí. Ẹ̀jẹ̀ tí kì í kánjú yìí ló ń bà á lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tó ti rí. Ohun tí yóò dá a dúró kò ju abẹ́rẹ́ kan lọ, èyí tí ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀, abẹ́rẹ́ náà sì wà nínú àpótí, ní ìwọ̀n apá kan sí ibi tó dúró.

"Màmá, ẹ gbé ọmọ náà lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fún mi lọ́wọ́ yín," ni ó wí. Ó mú ọwọ́ ìyá arúgbó náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn ọmọ rẹ̀, nísàlẹ̀ ìdodo. "Ẹ ń gbọ́ nǹkan tó rọ̀ níbẹ̀, bí ìyẹ̀fun tí a po? Ilé ọmọ nìyẹn. Ẹ máa fọwọ́ ra á yíká, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Kó le bí òkúta la ń fẹ́. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ má dáwọ́ dúró."

"Kò ní rẹ̀ mí," ni ìyá náà wí.

Ìbíwùmí nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀, ó bá pátákó tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ. Ó kọ́kọ́ béèrè fún ọkọ̀ òfurufú tí ń gbé aláìsàn. Ohùn obìnrin kan náà tó wà nínú àpótí ló dá a lóhùn. Ohùn náà tura, Yorùbá rẹ̀ sì mọ́ jù, kò ní ìlú kankan nínú. Ó ní ọkọ̀ kì í gbéra láìsí nọ́ńbà ẹni tó wà láàyè. Ó ní bó bá jẹ́ pé òkú ni wọ́n fẹ́ gbé, kí wọ́n tẹ ẹẹ́rin.

Ó béèrè fún àwọn tó ń tún àkọsílẹ̀ ṣe.

"A ti gba ẹ̀bẹ̀ yín," ni ohùn náà wí. "Kí Mosúnmọ́lá Àlàó wá fúnra rẹ̀ sí olú ìlú pẹ̀lú ẹ̀rí méjì pé ó wà láàyè. Àtúnṣe yóò parí láàrin àádọ́rùn-ún ọjọ́ iṣẹ́."

"Ẹ fún mi lénìyàn bá sọ̀rọ̀."

"Èmi náà wà níbí láti ràn yín lọ́wọ́."

Ó fi pátákó náà sílẹ̀. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni Mosúnmọ́lá gbé ọwọ́ sórí gíláàsì yìí kan náà fún àyẹ̀wò, tí àpótí kí i tọ̀yàyà tọ̀yàyà, tó pe orúkọ rẹ̀, tó sì ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n wẹ Ìwé Ìyè, àkọsílẹ̀ gbogbo ará ìlú, mọ́. Ohun tí ìjọba ń pè é nìyẹn, ìwẹ̀nùmọ́: àkọsílẹ̀ méjì tó bá ti jẹ́ orúkọ kan, tí ọjọ́ ìbí wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, wọ́n á pò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Mosúnmọ́lá Àlàó kan wà níbòmíràn tí Ìbíwùmí kò mọ̀, tó ti kú. Wọ́n pò wọ́n pọ̀. Ikú ló borí.

Bẹ́ẹ̀ Ìbíwùmí wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ nígbà tí Ìwé Ìyè dé. Òun fúnra rẹ̀ ló ru káàdì àwọn aláìsàn lọ sínú ọkọ̀ tó wá kó wọn. Ìdí wà tí inú rẹ̀ fi dùn. Eku ti jẹ káàdì tó pọ̀ nílé ìwòsàn Òkè-Ìrókò. Ní ọdún kan, ó fi odidi wákàtí kan tú àkójọ káàdì láti wá orúkọ ọmọ kan tí gìrì ń gbé, nígbà tó sì fi máa rí i, kò sí ohun tó fẹ́ fi káàdì náà ṣe mọ́. Àpótí kò ní ṣe irú èyí láéláé, wọ́n ní. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Fún ọdún mẹ́rin, àpótí kò gbàgbé ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ méje ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹyọ kan ti tó báyìí, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń rántí fún wọn.

Ojú rẹ̀ lọ sí irin gígùn tí wọ́n fi ń dá fèrèsé dúró. Ó mú ojú kúrò níbẹ̀. Àpótí tí wọ́n bá fi ipá ṣí kì í jẹ́ kí olè rí nǹkan kó; iná inú rẹ̀ ni yóò jó gbogbo oògùn kí ọwọ́ tó wọlé. Abẹ́rẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára gbogbo ọmọ tí wọ́n bí láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

"Nọ́ọ̀sì," ni ìyá náà pè é. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ó ti sùn."

Mosúnmọ́lá kò sùn. Ètè rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ sì là díẹ̀. Ìbíwùmí gbá a létí díẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀, ojú náà yí wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sílẹ̀ láti etí ibùsùn.

Ẹni kan ṣoṣo ló wà lórí bẹ́ǹṣì níta tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣí ohun tó ń fẹ́. Ìbíwùmí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí iná kọ́kọ́ pọ́n. Ó ti ń sá fún un ni.

"Rẹ̀mílẹ́kún," ni ó pè. "Wọlé wá."

Rẹ̀mílẹ́kún Ọ̀jẹ́wùmí wọlé, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fọ àwọn àwo tí ń gba oòrùn ṣe iná mànàmáná lórí òkè. Ó wọ bàtà rọ́bà, ọṣẹ ti jẹ ìka rẹ̀ gbẹ. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ó rí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì dúró síbi tí bàtà rẹ̀ kò ti ní kan ẹ̀jẹ̀.

"Mo fẹ́ tọrọ ohun tí kò yẹ kí n tọrọ lọ́wọ́ rẹ," ni Ìbíwùmí wí. "Àpótí ní obìnrin yìí ti kú, kò sì ní fún un ní abẹ́rẹ́. Méjì wà níbẹ̀ lórúkọ rẹ, tí wọ́n tọ́jú de ọjọ́ tí o máa bímọ. Bí o bá gbé ọwọ́ rẹ síbẹ̀ tí o ní o ti bímọ, yóò gbé wọn jáde."

Rẹ̀mílẹ́kún wo àpótí náà fún ìgbà pípẹ́.

"Wọ́n á fi òmíràn rọ́pò wọn?"

Ó wu Ìbíwùmí kó purọ́. Irọ́ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó kéré, ó sì dùn ún pa.

"Rárá," ni ó wí. "Lójú Ìwé Ìyè, oyún rẹ ti parí lónìí nìyẹn."

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí Ìlérí ọmọ mi, mà. Ẹ rántí bí ẹ̀jẹ̀ mi ò ṣe fẹ́ dá. Wọ́n ní bí ẹ bá pẹ́ sí i díẹ̀, ẹ ò ní bá mi."

"Mo rántí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kò yẹ kí n tọrọ ẹ̀."

Ìyá Mosúnmọ́lá kò gbójú sókè. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ra ikùn náà. "Ọmọ mi," ni ó wí, "mi ò ní bẹ̀ ọ́. Bí mo bá bẹ̀ ọ́, mo rẹ́ ọ jẹ ni. Ìwọ náà lọ́mọ tí ò ń wò."

Ọmọ tuntun náà sín, ó sì sín lẹ́ẹ̀kejì.

Rẹ̀mílẹ́kún sún mọ́ ibùsùn, ó wo ojú obìnrin tó dùbúlẹ̀ náà. "Mosún," ni ó wí. "Èmi àti òun la jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó sọ fún mi pé òun ń lá àlá pé òun ń fọ ilé kan tí kì í mọ́." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀. "Mo ní kó má dá àlá lóhùn."

Ó na ọwọ́, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì.

Iná sáré, ó pọ́n. "A kò dá ọwọ́ yìí mọ̀," ni àpótí wí. "Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ọṣẹ ni," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ó ti ha gbogbo ojú ọwọ́ mi lọ. Ó máa ń ṣe mí báyìí nígbà mìíràn."

Ó tún gbé e síbẹ̀. Ó pọ́n. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí, àpótí yóò tì fún wákàtí kan."

Ìbíwùmí di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó gbé e sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ṣí ìgò òrí tí ìyá arúgbó náà gbé wá láti fi pa ọmọ lára, ó bu díẹ̀, ó sì fi pa ọwọ́ náà, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, títí ojú ọwọ́ fi rọ̀, tí ilà rẹ̀ sì yọ. Ó fi aṣọ nu èyí tó ṣẹ́ kù kúrò. Kò yára. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sáré, àfi ọwọ́ rẹ̀ nìkan.

"Ó yá," ni ó wí.

Iná kọjá. Ó dúró. Àwọ̀ ewé ni.

"Ẹ kú ewu ọmọ, Rẹ̀mílẹ́kún Ọ̀jẹ́wùmí," ni àpótí wí, bí ẹni pé inú rẹ̀ dùn. "Ṣé akọ ni tàbí abo?"

Rẹ̀mílẹ́kún wo Ìbíwùmí. "Abo," ni ó wí.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọmọ sórí gíláàsì."

Ìbíwùmí kò rántí pé ó máa ń béèrè èyí. Ó gbé ọmọ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mosúnmọ́lá, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ kékeré náà mọ́ gíláàsì. Ìyá arúgbó náà ń wò. Níbẹ̀, lójú rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ gba nọ́ńbà, ó sì di ọmọ obìnrin tó ń fọ àwo lórí òkè. Kò dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Àpótí ṣí. Ìgò kéékèèké méjì yọ jáde lórí àwo funfun, wọ́n tutù.

Ìbíwùmí gún àkọ́kọ́ sí itan Mosúnmọ́lá. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ó sì dúró. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Èkejì kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wá. Ó gún èkejì, kò sì sí òmíràn mọ́ ní gbogbo Òkè-Ìrókò tí ọwọ́ kankan nínú ilé yìí lè gbé jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ kan dì mú, orúkọ Mosúnmọ́lá nìkan ló ń pè.

"Nọ́ọ̀sì," ni ìyá náà wí. "Ẹ gbọ́wọ́ yín wá síbí."

Abẹ́ ọwọ́ ìyá náà ti yí padà. Ó ti ń kó ara jọ. Ìbíwùmí tẹ̀ ẹ́, ó le.

Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Mosúnmọ́lá mu omi ẹran ṣíbí mẹ́fà, ó béèrè bóyá ọmọ ti jẹun, oorun gidi sì gbé e lọ. Ìṣàn ọwọ́ rẹ̀ ṣì fúyẹ́, bí kòkòrò tí wọ́n wé sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, apá méjèèjì rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀, kò sì lè dá wọn dúró.

Rẹ̀mílẹ́kún kò tíì lọ. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà. Àpótí ti sọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún un: ìpín ìbímọ rẹ̀ ti parí, òmíràn yóò ṣí fún un lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlélógún. Ọmọ inú rẹ̀ mira lábẹ́ aṣọ, ó sì fi ọwọ́ bò ó.

"Nọ́ọ̀sì," ni ó wí, "bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ọwọ́ ta lẹ ó gbé síbẹ̀ fún mi?"

Ìbíwùmí ń fọ ọwọ́. Omi tó ń ṣàn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pọ́n, ó sì ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ro ti obìnrin mìíràn tó lóyún. Obìnrin náà yóò wá ọwọ́ mìíràn, onítọ̀hún náà yóò wá òmíràn, títí tí yóò fi kan ẹni tó máa na ọwọ́ tí kò ní bá ẹnikẹ́ni. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ti àwọn alátùn-únṣe. Kò sí èèyàn tó ń gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀.

Ó rántí ibì kan tí èèyàn wà.

Ó pa omi. Ó bá pátákó ẹnu ọ̀nà lọ, ó sì tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ní kí wọ́n máa pè bí ẹnikẹ́ni bá jí oògùn ìjọba. Kò dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ta nìyẹn?" Ọkùnrin ni. Ó ní ọ̀fìnkìn, ohùn rẹ̀ sì há. Ó tó ọdún mẹ́rin tí ènìyàn ti dá Ìbíwùmí lóhùn kẹ́yìn láti olú ìlú.

"Mo fẹ́ fi olè sùn."

"Kí ló jí?"

"Abẹ́rẹ́ méjì. Ìpín Rẹ̀mílẹ́kún Ọ̀jẹ́wùmí ni. Kò tíì bímọ. Wọ́n lo ọwọ́ rẹ̀ láti fi gbé e fún ẹlòmíràn."

Rẹ̀mílẹ́kún dìde lórí àga. Ìbíwùmí fọwọ́ sọ fún un pé kó jókòó.

"Ẹ mọ olè náà?"

"Èmi ni. Ìbíwùmí Adéọ̀ṣun, nọ́ọ̀sì Òkè-Ìrókò. Obìnrin náà kò mọ ohun tí mo fọwọ́ rẹ̀ ṣe."

Wọ́n ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń fa imú.

"Ẹni tí ẹ ó rán wá," ni Ìbíwùmí wí, "ṣé yóò mú kọ́kọ́rọ́ àpótí dání?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ mú un. Wọ́n á ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Ìgbà wo ni yóò dé?"

"Ti olè kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ."

"Ẹni tí wọ́n jí ìpín rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Òfin ni." Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ gbọ́, mà. Ìwé iṣẹ́ yín ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Mi ò tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀ o. Ẹ lè pa ìpè yìí báyìí, màá ní nọ́ńbà ló ṣì."

Ìbíwùmí gbé iwájú orí lé ògiri. Ó tutù. Ọdún mọ́kàndínlógún. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni ó wí.

Nígbà tó yí padà, Rẹ̀mílẹ́kún ti ń sunkún, ẹkún tí kò ní ariwo. "Wọ́n á dá abẹ́rẹ́ padà fún mi," ni ó wí. "Ta ni yóò wá gún un? Ṣé àpótí ni yóò gún mi?"

Wọn kò ní rán nọ́ọ̀sì mìíràn wá kó tó bímọ. Àwọn méjèèjì mọ̀. Ìlú kan wà lápá odò tó ti ń retí tiwọn láti ọdún tó kọjá.

Ìbíwùmí fa àpótí kan tí wọ́n ń jókòó lé, ó jókòó níwájú rẹ̀, orúnkún wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Ta lo ní nílé tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n?"

Rẹ̀mílẹ́kún nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aránṣọ ni."

"Ó máa ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà. A ò tíì dán an wò."

"Lọ pè é wá. Má dúró jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta la ní, mo sì fẹ́ lò wọ́n pé." Ó ràn án lọ́wọ́ dìde. "Sọ fún un kó ra ọsàn bọ̀, bíi mẹ́wàá, èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn."

"Kí la fẹ́ fọsàn ṣe?"

"Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ nìyẹn," ni Ìbíwùmí wí.